Ìjẹ Tí Kò Ṣeé Jẹ

Ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ wa, àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tí ìwé yìí yóò bọ́ sí lọ́wọ́, ohun kékeré kan ni ó fa ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá yín sọ. Ní oṣù kẹta ọdún yìí a gba lẹ́tà láti ọ̀dọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ wa àtijọ́ kan, ọmọ abúlé kan lẹ́bàá Ayétòrò, tí ó ti ń gbé ní Aberdeen ní ilẹ̀ Scotland láti ọdún púpọ̀. Ó fi páálí ìṣáná kan ránṣẹ́ pẹ̀lú rẹ̀. Nígbà tí a ṣí i, ohun tí ó wà nínú rẹ̀ jọ ẹyẹ kékeré tí kò ní orí. Ọ̀pá idẹ tín-ín-rín ni, oníhò bí igi ewé ìbẹ́pẹ tí àwọn ọmọdé fi ń ṣeré, gígùn rẹ̀ sì tó ìka ọwọ́. A fi sẹ́dà dúdú wé e lára, a fi okùn fàdákà yí i ká, a sì so irun ìrù àgbọ̀nrín tí a pa láró pupa àti ìyeyè mọ́ ọn lórí, tí ó bò ó mọ́lẹ̀ dé ìdí. Ọmọ náà kọ̀wé pé ọwọ́ òun ni òun fi so ó, àti pé ìjẹ ẹja ni.

Ẹja tí a ń fi irú rẹ̀ pa ni à ń pè ní sámọ́nì. Kò sí nínú odò wa kankan. Odò tútù ni ibùgbé rẹ̀. Inú òkúta wẹ́wẹ́ ìsàlẹ̀ odò ni ìyá rẹ̀ ń yé ẹyin sí. Nígbà tí ó bá dàgbà díẹ̀, a lọ sínú òkun, òmíràn a tilẹ̀ dé agbègbè Greenland, níbẹ̀ ni ó gbé ń jẹun tí ó ń sanra. Lẹ́yìn ọdún kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, a padà sínú odò tí a gbé bí i. Láti ìgbà tí ó bá sì ti wọ inú odò náà ni kì í jẹun mọ́. Ọ̀rá ara rẹ̀ ni ó ń ná títí ìgbà ẹyin yóò fi dé. Ẹ kíyè sí èyí: ẹja tí kò wá oúnjẹ ni a ń dẹ, ohun tí kò ṣeé jẹ ni a sì fi ń dẹ ẹ́. Ìdí tí ó fi ń gbé e, àwọn apẹja ibẹ̀ ń jiyàn lé e lórí. Àwọn kan ní ìbínú ni, àwọn kan ní ìrántí oúnjẹ òkun ni, àwọn mìíràn ní òfíntótó lásán ni.

A sọ pé obìnrin kan, Minnie Morawski, tí ń so irú ìjẹ báyìí ní ilé iṣẹ́ Playfair ní Aberdeen kan náà, ni ó kọ́kọ́ so ó sára ọ̀pá oníhò ní nǹkan bí ọdún 1945. Ṣáájú ìgbà náà, ara ìwọ̀ gan-an ni a ń so ìyẹ́ àti irun mọ́. Ọgbọ́n tí ó wà nínú ti ọ̀pá ni pé okùn gba inú rẹ̀ kọjá, ìwọ̀ ẹlẹ́nu mẹ́ta sì wà ní ìdí okùn. Bí ẹja bá gbé e, ọ̀pá a yọ́ gòkè lórí okùn, ìwọ̀ kékeré nìkan a kù ní ẹnu rẹ̀, kò sì ní rí ohun gígùn kan tí yóò fi já ara rẹ̀ gbà. Àwọn ńlá bí èyí tí ó wà nínú páálí wa, ìgbà òtútù ni wọ́n wà fún, nígbà tí odò kún, tí ẹja lúgọ sí ìsàlẹ̀, tí kò sì fẹ́ rìn jìnnà.

Jíjù rẹ̀ kì í ṣe iṣẹ́ ọmọdé. Ọ̀pá ìwọ̀ wọn gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 15, ọwọ́ méjèèjì ni a sì fi ń dì í mú. Nítorí igi tí ó wà létí odò, apẹja kò lè na okùn sẹ́yìn. Yóò rọra gbé e kúrò nínú omi, yóò fà á sí ẹ̀gbẹ́ ara rẹ̀ kí ó lè tẹ̀ bí ọrun, yóò sì tì í síwájú kí ó fò la odò. Omi yóò gbá ìjẹ náà láti òdìkejì wá sí ẹ̀bá. Apẹja yóò rin ìṣísẹ̀ kan tàbí méjì sí ìsàlẹ̀ odò, yóò tún jù ú. Ọmọ wa sọ pé idẹ wúwo, àti pé bí afẹ́fẹ́ bá yí padà, etí ẹni tí ń jù ú ni yóò kọ́kọ́ mú. Nítorí náà òun a máa dé fìlà, a sì máa wọ awò ojú. Ọjọ́ mọ́kànlá ni ó fi ṣe báyìí kí ó tó mú ẹyọ kan.

Páálí yìí mú wa rántí ìbéèrè kan tí ọmọ kan náà bi wá nígbà tí ó wà ní ilé-ìwé. Ọjọ́ Àbámẹ́ta kan ni, a kó àwọn ọmọ kíláàsì wa lọ sí etí ọ̀kan nínú àwọn odò kéékèèké tí ń ṣàn lọ bá Yewa, odò tí agbègbè wa gba orúkọ rẹ̀ ní 1995 nígbà tí a fi orúkọ Ẹ̀gbádò sílẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ náà gan-an ni a ti kọ́ wọn ní òfin tí ó kọ ẹ̀rí èké. Bí a ti ń fi ekòló sí ẹnu ìwọ̀, ọmọ náà wò wá, ó ní, “Ẹ jọ̀wọ́, Tíṣà, ǹjẹ́ èyí kì í ṣe irọ́?” A rẹ́rìn-ín. A dá a lóhùn pé ẹja kì í ṣe ènìyàn, a kò bá a dá májẹ̀mú, kò sì sí bí a ti lè purọ́ fún ẹni tí kò gbọ́ èdè wa. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní, “Àbúrò mi tí ó wà lẹ́yìn ìyá mi kò gbọ́ èdè, ṣùgbọ́n ìyá mi ní kí n má ṣe tàn án jẹ.” A sọ fún un pé kí ó máa wo okùn rẹ̀.

Ìdáhùn wa kò tó, a sì mọ̀ bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ṣùgbọ́n bí a bá fẹ́ fi òtítọ́ inú irinṣẹ́ nìkan díwọ̀n ìwà apẹja, ibi tí a ó já sí yóò yà wá lẹ́nu. Àwọ̀n kì í purọ́, nítorí kò ṣèlérí ohunkóhun. Ekòló tí ó wà lẹ́nu ìwọ̀, ekòló tòótọ́ ni. Irin ni a fi pamọ́. Ní ọ̀sà Porto-Novo àti ní adágún Nokoué, níhà ìwọ̀-oòrùn ààlà wa, àwọn apẹja a máa ri ẹ̀ka igi púpọ̀ mọ́lẹ̀ nínú omi, èyí tí wọ́n ń pè ní akaja. Ẹja a wọ ibẹ̀ lọ fún ààbò, a jẹ ohun tí ó hù sára igi, a sì bímọ níbẹ̀. Lẹ́yìn oṣù púpọ̀ àwọn onígi a fi àwọ̀n yí gbogbo rẹ̀ ká. Ilé òtítọ́ ni, oúnjẹ òtítọ́ sì ni. Onílé ni ó ń bọ̀.

Ẹ wá wo oró. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tí omi bá fà, àwọn kan a gún ewé olóró, wọ́n a sì dà á sínú odò. Kò dẹ ẹnikẹ́ni, kò fi ohun kan pamọ́, bẹ́ẹ̀ ni ó ń pa àgbà ẹja pọ̀ mọ́ ọmọ ẹja tí kò tó èékánná, tí ọdún tí ń bọ̀ kò sì ní rí ohun tí yóò jogún. Òfin ẹja pípa inú odò tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní 1992 kọ̀ ọ́. Nínú gbogbo irinṣẹ́ apẹja, oró ni kò tan ẹnikẹ́ni jẹ, òun ni ó sì burú jùlọ. (Ẹni tí ó bá mọ Ìhìn Rere yóò rántí pé àwọ̀n ni Símónì àti Áńdérù ń jù nígbà tí a pè wọ́n láti di apẹja ènìyàn. A ti gbọ́ oníwàásù púpọ̀ tí ó gbàgbé èyí, tí ó sì mú ìjẹ wá sórí àga ìwàásù.)

Lẹ́tà ọmọ náà tún sọ pé òun tú ìwọ̀ lẹ́nu sámọ́nì tí òun mú, òun sì dá a padà sínú odò. Ìjọba Scotland ṣe òfin kan ní 2016 nítorí pé ẹja náà ń dín kù: ní odò tí iye wọn kò tó, ẹni tí ó bá mú un gbọ́dọ̀ dá a sílẹ̀. Nígbà tí a ka èyí fún àgbà apẹja kan ní Ìlaròó, ó bi wá pé, “Ebi kò pa ẹja, ebi kò pa apẹja, kí ni wọ́n wá ń bá ara wọn fà?” A kò rí èsì. Lójú tiwa, àgbà náà jàre dé ìdajì. Ẹni tí ó fi ekòló tan ẹja tí ó sì fi bọ́ ọmọ rẹ̀, a mọ ohun tí ẹ̀tàn rẹ̀ rà. Ẹni tí ó fi irun àti idẹ tàn án fún eré ara rẹ̀, a kò mọ̀ ọ́n. Síbẹ̀, ẹja eléré lọ yé ẹyin, ẹja olóró kò yé mọ́.

Ohun tí kò jẹ́ kí a sùn ni pé ẹni tí ó so ìjẹ yìí ti jókòó ro ohun tí ó wu ẹja, títí ó fi mọ̀ ọ́n ju bí ẹja ti mọ ara rẹ̀ lọ. Àwa olùkọ́ ní irú ìmọ̀ yìí. Ní sáà kan, nígbà tí ọmọ yìí wà ní kíláàsì karùn-ún, a gbé ìwé atúmọ̀ èdè tuntun kan ka orí tábìlì, a sọ pé ẹni tí ó bá gba ipò kìíní nínú ìṣirò ni yóò ni ín. A ti rí ojú tí ó fi ń wo ìwé. Ìwé náà kì í ṣe tiwa. Ọ̀dọ̀ olùkọ́ mìíràn ni a ti yá a, a sì ń retí owó tí a ó fi ra irú rẹ̀. Àwọn ọmọ ṣiṣẹ́ ní sáà náà ju ti ìgbàkigbà lọ, a sì yìn wá fún un. Ọmọ náà gba ipò kìíní. Owó kò dé. A ní ó di sáà tí ń bọ̀; sáà tí ń bọ̀ dé, a dákẹ́, òun náà kò sì béèrè. Sáà náà ni ó bi wá ní ọ̀rọ̀ ekòló.

Ẹni tí ó bá fẹ́ dá wa láre yóò sọ pé ìṣirò tí ó kọ́ kì í ṣe irọ́, pé òun ni ó gbé e dé ibi tí ó wà. A ti sọ bẹ́ẹ̀ fún ara wa lọ́pọ̀ ìgbà. Ṣùgbọ́n ẹyin lọ̀rọ̀, ọmọ ọdún mọ́kànlá ni ó sì wà níbẹ̀ nígbà tí tiwa fọ́. Ìṣirò nìkan kọ́ ni ó kọ́ lọ́dọ̀ wa ní ọdún náà.

Lẹ́tà rẹ̀ kò mẹ́nu kan ìwé náà rárá. Ó lè ti gbàgbé. Ní ọ̀sẹ̀ tí ó kọjá a lọ sí Abẹ́òkúta, a sì ra ìwé atúmọ̀ èdè kan. Owó tí ilé ìfìwéránṣẹ́ ní kí a san láti fi í ránṣẹ́ sí Aberdeen ju owó ìwé lọ. Ọmọ náà sì ti bí ọmọ méjì, kò nílò ẹni tí yóò túmọ̀ èdè Gẹ̀ẹ́sì fún un mọ́. Ìwé náà wà lórí tábìlì wa, a ti wé e, a ti kọ orúkọ rẹ̀ sí i. Lẹ́tà tí yóò bá a lọ ni a kò tíì rí kọ.