Ara Ta Ni A Ó Fi Dán An Wò?

Ìbéèrè kan jẹ yọ níbi ẹ̀kọ́ Bíbélì wa ní Uwasota ní sáà tó kọjá, a kò sì rí i yanjú kí àkókò tó tán. Jẹ́nẹ́sísì orí kìíní ni à ń kà, níbi tí Ọlọ́run ti fi ènìyàn ṣe olórí ẹja, ẹyẹ àti ẹranko. Arábìnrin kan tó ń kọ́ nípa ìmọ̀ oògùn wá béèrè pé: ṣé àṣẹ yẹn kan kí a máa fi ìpara pa ẹranko lára, kí a lè mọ̀ bóyá ara ènìyàn yóò kọ̀ ọ́? Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Lójú tèmi, ìbéèrè gidi ni.

Kì í ṣe gbogbo ohun tó ń yún ni ni ara kọ̀. Ọṣẹ tó le lè ta ni lára lójú ẹsẹ̀, kó sì parí síbẹ̀. Èyí tí mò ń sọ yàtọ̀. Ẹ wo làálì dúdú tí àwọn ìyàwó tuntun ń kùn sọ́wọ́. Làálì fúnra rẹ̀ kì í dúdú. Àwọ̀ pupa bí ilẹ̀ ló ń mú jáde. Àwọn tó fẹ́ kó dúdú kíákíá a máa po dáì irun mọ́ ọn, èròjà kan tó ń jẹ́ PPD sì wà nínú irú dáì bẹ́ẹ̀. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ó lè má ṣe nǹkan kan. Ṣùgbọ́n àwọn ẹ̀ṣọ́ inú ara lè ti rí i, kí wọ́n sì ti kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ bí ọ̀tá. Lọ́jọ́ mìíràn tí onítọ̀hún bá kun dáì sórí, ojú rẹ̀ lè wú débi pé kò ní lè là á. Ara kì í sì í tètè gbàgbé irú ọ̀tá bẹ́ẹ̀. Ó sábà máa ń jẹ́ títí ayé.

Nítorí èyí ni wọ́n ṣe ń dán èròjà wò kó tó dé ọjà. Ní 1969, Magnusson àti Kligman gbé ìlànà kan jáde tó ń lo guinea pig, ẹranko kékeré tó dà bí òkété tí kò nírù. Wọn a gún èròjà náà sí i lábẹ́ awọ, wọn a dúró fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀, wọn a tún fi kàn án lára, wọn a wá wò ó bóyá ibẹ̀ yóò pọ́n tàbí wú. Ó kéré tán, ẹranko 15 ni èròjà kan ṣoṣo ń gbà. Ní 2002, àjọ OECD fọwọ́ sí ìlànà mìíràn tó ń lo eku: wọn a fi èròjà náà kun etí rẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta, wọn a pa á ní ọjọ́ kẹfà, wọn a sì wo inú kókó tó wà nítòsí etí náà, ibi tí àwọn ẹ̀ṣọ́ ara ń kóra jọ sí. Ìrora rẹ̀ kéré sí ti àtijọ́, ṣùgbọ́n eku náà ṣì kú.

Láti 1959 ni William Russell àti Rex Burch ti kọ ọ́ sínú ìwé pé kí a fi nǹkan mìíràn rọ́pò ẹranko níbi tó bá ti ṣeé ṣe, kí a dín iye wọn kù, kí a sì dín ìrora wọn kù. Ó pẹ́ kó tó ṣeé ṣe lórí ọ̀rọ̀ awọ ara. Àwọn onímọ̀ ní láti kọ́kọ́ mọ ọ̀nà tí ara ń gbà kọ nǹkan. Èròjà náà á lẹ̀ mọ́ purotéènì awọ. Àwọn sẹ́ẹ̀lì awọ á figbe ta. Àwọn alóre inú awọ á ta jí, wọ́n á gbé ìròyìn lọ bá àwọn ọmọ ogun. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló ṣeé wò nínú ìgò láìsí ẹranko kankan. Ní 2021, OECD gbà pé bí méjì nínú àyẹ̀wò mẹ́ta yìí bá fohùn ṣọ̀kan, kí a gba ẹ̀rí wọn. (Ẹni tó bá mọ Deutarónómì orí 19 yóò rẹ́rìn-ín músẹ́, Mósè náà kò gba ẹ̀rí ẹnì kan ṣoṣo.) Nígbà tí wọ́n fi wé ohun tí a mọ̀ nípa ara ènìyàn, ẹ̀rí ìgò yìí kò rẹlẹ̀ sí ti eku. Ohun tí méjì-nínú-mẹ́ta yìí kò lè sọ ni bí agbára èròjà náà ṣe pọ̀ tó.

Ẹnì kan lè ní Jésù fúnra rẹ̀ sọ pé a níye lórí ju ológoṣẹ́ lọ. Mo gbà. Èmi náà ń jẹ súyà. Bí ọmọ kan bá ń kú lọ, tó sì jẹ́ pé ara ehoro nìkan la ti lè rí oògùn rẹ̀, èmi fúnra mi á di ehoro náà mú. Ṣùgbọ́n nínú Lúùkù 12 kan náà, Ọlọ́run kò gbàgbé àwọn ẹyẹ tí kò wọ́n lọ́jà, Òwe 12:10 sì ka bí ènìyàn ṣe ń tọ́jú ẹran rẹ̀ mọ́ àmì olódodo. Ìríjú ni wá. Bí ìgò bá lè dáhùn ìbéèrè náà, n kò rí ibi tí Jẹ́nẹ́sísì ti fún wa láyè láti tún lọ bi ehoro. Ní ti ìpara àti ìtọ́tè, ilẹ̀ Yúróòpù ti ti ilẹ̀kùn náà láti 2013: èyí tí wọ́n bá fi ẹranko dán wò kò gbọdọ̀ dé ọjà wọn mọ́.

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti le fún mi ni àdúgbò wa níbí. Mo béèrè lọ́wọ́ ìyá kan tó ń po ìpara tà pé kí ló wà nínú ike rẹ̀, nítorí n kò rí nọ́ńbà NAFDAC kankan lára rẹ̀. Ó ní kí n má bẹ̀rù. Bí ó bá yún mi, kí n padà wá, òun á dín nǹkan kan kù níbẹ̀. Ìyá náà kò pa eku kankan lára. Ṣé a ó wá pe ìyẹn ní àánú? Àyẹ̀wò náà ṣì ń lọ. Oníbàárà ló bọ́ sípò eku, kò sì sẹ́ni tó sọ fún un. Ẹni tó ń fi eku dán nǹkan wò nínú láàbù ṣì ń bẹ̀rù pé kí àlejò kan má baà fara pa. Nítorí náà, n kò lè bá ẹni tó kàn ní kí a fi ẹranko sílẹ̀ ṣe àmín, àyàfi tó bá sọ ohun tí a ó fi rọ́pò rẹ̀.

Mo sì mọ̀ pé ìrọ́pò náà ń náni lówó. Sẹ́ẹ̀lì inú ìgò ń fẹ́ iná tí kì í lọ, gbogbo wa la sì mọ bí iná ṣe rí níbí. Ṣùgbọ́n ìmọ̀ tí a ti ní kò nílò jẹnẹrétọ̀. A ti mọ PPD. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá tún fẹ́ ra ehoro nítorí iṣẹ́ àṣekágbá, kó lè fi hàn pé ara ń kọ PPD, kí ló fẹ́ rí lára ẹran náà tí kò sí nínú ìwé? Kó tó ra ehoro, kó lọ jókòó sí láíbìrì. Bí ó bá sì ní agbára láti wádìí, ọ̀pọ̀ ike ló wà lórí tábìlì lẹ́bàá títì tí kò sẹ́ni tó mọ ohun tó wà nínú wọn. Kó gbé ọ̀kan lọ sí láàbù, kó wo èròjà inú rẹ̀.