Ẹ̀rù Tí A Ń Fi Owó Rà

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, mo fi sinimá àtijọ́ kan han àwọn akẹ́kọ̀ọ́ díẹ̀, sinimá tí kò ní àwọ̀ kankan bí kò ṣe funfun àti dúdú, èyí tí àwọn ará Jàpáànì ṣe ní ọdún 1954 tí wọ́n sì pe orúkọ rẹ̀ ní Gojira. Nígbà tí ó parí, ọ̀kan nínú wọn, ọmọkùnrin tí kì í sábà sọ̀rọ̀ nínú kíláàsì, na ọwọ́ sókè, ó ní, "Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́, ṣé àwọn ará ìlú yẹn gan-an ni wọ́n sanwó láti wo bí ìlú wọn ṣe ń jóná?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní, "Kí ló dé tí wọ́n fi ṣe bẹ́ẹ̀, Tíṣà?" Mo la ẹnu láti dá a lóhùn, ṣùgbọ́n mo rí i pé èsì tí mo ní lọ́wọ́ kò tó nǹkan, mo sì bẹ̀ ẹ́ pé kí ó jẹ́ kí n lọ rò ó. Ohun tí mo rò ni mo kọ sílẹ̀ yìí.

Ìbéèrè náà kò kéré, ẹ̀yin òǹkàwé mi. Bí ilé aládùúgbò ẹni bá ń jóná, tí ènìyàn sì gbé àga jáde láti jókòó wò ó, ìkà ni a ó pe onítọ̀hún. Bí ó bá sì jẹ́ pé ilé tirẹ̀ ni ó jóná lánàá, tí ó ń sanwó lónìí kí a lè tún un sun lójú rẹ̀, a ó ní orí rẹ̀ kò pé. Àwọn àgbà wa ní ẹni tí ejò bá ti bù ṣán rí, bí ó bá rí ekòló, yóò sá. Síbẹ̀ àwọn ará Tokyo kò sá. Ní òru ọjọ́ 9 mọ́ ọjọ́ 10 oṣù Kẹta ọdún 1945, àwọn ọkọ̀ òfuurufú Amẹ́ríkà da iná lé ìlú wọn lórí, nǹkan bí 100,000 ènìyàn sì kú ní òru kan ṣoṣo náà. Ní oṣù Kẹjọ ọdún kan náà ni a ju àdó olóró átọ́míìkì sí Hiroshima ní ọjọ́ 6, àti sí Nagasaki ní ọjọ́ 9. Kò ì pé ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn náà, ní ọjọ́ 3 oṣù Kọkànlá ọdún 1954, ni ilé-iṣẹ́ Toho gbé sinimá yìí jáde, nínú èyí tí ẹranko kan tí ó ga tó mítà 50 ti inú òkun jáde wá, tí ó ń fẹ iná lẹ́nu, tí ó sì sọ Tokyo di eérú. Ó lé ní mílíọ̀nù mẹ́sàn-án ènìyàn tí ó sanwó lọ wò ó. Ṣé orí gbogbo wọn ni kò pé?

Kí a tó dá wọn lẹ́jọ́, ó yẹ kí a mọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní ọdún 1954 náà gan-an. Ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹta, ọkọ̀ apẹja kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Daigo Fukuryu Maru wà lórí òkun Pàsífíìkì, apẹja 23 sì wà nínú rẹ̀. Kí ilẹ̀ tó mọ́, wọ́n rí ìmọ́lẹ̀ ńlá kan ní ìwọ̀ oòrùn, bí ẹni pé oòrùn fẹ́ yọ níbi tí kò ti í yọ rí. Àwọn ará Amẹ́ríkà ni wọ́n ń dán àdó olóró tuntun wò ní erékùṣù Bikini. Lẹ́yìn wákàtí díẹ̀, eérú funfun bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ lé àwọn apẹja náà lórí, ó bà sórí irun wọn, ó bà sára aṣọ wọn àti sórí ọkọ̀, wọ́n sì ń fi ọwọ́ lásán gbá a kúrò. Gbogbo wọn ni ó ṣàìsàn. Aikichi Kuboyama, tí ó ń bójú tó ẹ̀rọ rédíò inú ọkọ̀ náà, kú ní ọjọ́ 23 oṣù Kẹsàn-án. Nígbà tí sinimá náà jáde, kò ì pé oṣù méjì tí ó kú. Bẹ́ẹ̀ ni ohun tí sinimá náà fi bẹ̀rẹ̀ ni àwọn atukọ̀ lórí òkun, tí ìmọ́lẹ̀ ńlá kan ṣàdédé bù yẹ̀rì lójú wọn, tí ọkọ̀ wọn sì gbiná.

Ẹ wo irú ìyà tí èyí jẹ́. Ẹni tí ẹkùn bá fà ya, àwọn ọdẹ yóò tọ ipasẹ̀ ẹkùn náà lọ sínú igbó. Ẹni tí olè bá jà yóò kígbe olè. Ṣùgbọ́n ìtànṣán olóró kò ní òórùn, kò ní ohùn, ojú kò rí i. Ó wọ inú ara, ènìyàn a sì máa rìn kiri pẹ̀lú ikú rẹ̀ láìmọ̀. Ta ni kí apẹja tí irun orí rẹ̀ ń re dànù nàka sí? Pẹ̀lúpẹ̀lù, ní àwọn ọdún tí àwọn tí ó ṣẹ́gun fi ṣàkóso ilẹ̀ Jàpáànì, wọn kò gbà kí ènìyàn kọ̀wé ní gbangba bí ó ti wù ú nípa ohun tí àdó olóró náà ṣe. Ẹkún náà wà, ṣùgbọ́n kò rí ẹnu jáde. Ohun tí Ishiro Honda, olùdarí sinimá náà, ṣe ni pé ó fún ohun tí kò ní ojú ní ojú. Honda fúnra rẹ̀ ti jẹ́ ọmọ-ogun ní ilẹ̀ Ṣáínà, nígbà tí ó sì ń padà bọ̀ wálé ní ọdún 1946, ó gba Hiroshima kọjá, ó rí ohun tí ó ṣẹ́ kù níbẹ̀. Ẹni tí ó ti rí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ kò lè fi iná ìlú ṣeré.

Ibì kan wà nínú sinimá náà tí ó máa ń dùn mí dé egungun. Iná ti yí ìyá kan ká, ó kó àwọn ọmọ rẹ̀ mọ́ra lẹ́bàá ògiri, ó sì ń sọ fún wọn pé kò ní pẹ́ mọ́ tí wọn yóò fi dé ọ̀dọ̀ bàbá wọn. Sinimá náà kò sọ fún wa ibi tí bàbá náà wà tàbí ohun tí ó pa á. Ta ni ní Tokyo ní ọdún 1954 tí a ní láti ṣàlàyé èyí fún? Ní ọjọ́ kejì, ilé ìwòsàn kún fún àwọn tí ó fara pa. Oníṣègùn kan gbé ẹ̀rọ kékeré tí ń wá ìtànṣán olóró sí ara ọmọdé kan, ẹ̀rọ náà dún, oníṣègùn náà sì mi orí. Kò sọ ọ̀rọ̀ kan. Mo gbàgbọ́ pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ó jókòó nínú òkùnkùn ilé sinimá wọ̀nyẹn sunkún níbẹ̀ nítorí òkú tí wọn kò ì tíì sunkún fún tán.

Ṣùgbọ́n èyí nìkan kò tó láti ṣàlàyé ìfẹ́ tí ó ti wà láti ọdún 1954 títí di òní. Ohun kejì ni pé ẹranko náà pàápàá jẹ́ ẹni tí a ṣẹ̀. Gẹ́gẹ́ bí ìtàn náà ti wí, ó wà ní ibùgbé rẹ̀ nínú ibú òkun láti ayébáyé, àdó olóró ni ó lé e jáde, tí ó sì fi oró sínú ara rẹ̀. Ohun kan náà ni ó sun òun àti àwọn tí ó ń sun. Nítorí náà ni Yamane, àgbà ọ̀mọ̀wé inú ìtàn náà, fi jókòó nínú yàrá láìtan iná, tí inú rẹ̀ bàjẹ́ pé gbogbo ènìyàn ń wá ọ̀nà láti pa ẹranko náà, tí ẹnì kan kò sì béèrè bí ó ti ṣe yè é. Nígbà tí ó kú nígbẹ̀yìn, orin tí Akira Ifukube kọ sí ibẹ̀ dàbí orin ìsìnkú. Ìtàn tí ó lè mú wa káàánú ohun tí ó ń pa wá kò wọ́pọ̀. Ọdẹ inú àlọ́ tiwa pàápàá, nígbà tí ó bá bẹ́ iwin olórí mẹ́rìndínlógún lórí, ìlù ni a ó lù. Èmi kò rántí ẹni tí ó béèrè ohun tí ó lé iwin náà jáde nínú ihò rẹ̀.

Àwọn kan yóò ní, "Ṣùgbọ́n rọ́bà lásán ni!" Òótọ́ ni. Haruo Nakajima ni orúkọ ọ̀kan nínú àwọn tí ó wọ ẹ̀wù ẹranko náà, ẹ̀wù tí ó wúwo tó nǹkan bí kílógíráàmù 100, nínú ooru iná fìtílà tí ó mú un làágùn bí ẹni tí a fi omi wẹ̀. Ó ti lọ sí ọgbà ẹranko láti wo bí àwọn ẹran ńlá ti ń gbé ẹsẹ̀. Àwọn ilé tí ó ń wó jẹ́ ilé kékeré tí àwọn òṣìṣẹ́ Eiji Tsuburaya fi sùúrù kọ́, wọ́n sì mú kí ẹ̀rọ ya àwòrán náà ní kíákíá kí ìrìn rẹ̀ lè falẹ̀ lójú wa bí ìrìn ohun tí ó tóbi. Igbe rẹ̀ ńkọ́? Ìbọ̀wọ́ aláwọ tí a fi oje igi pa ni wọ́n fi fa okùn ohun èlò orin olókùn ńlá kan. Àwọn tí ó mọ iṣẹ́ mi yóò rẹ́rìn-ín pé èmi ni mo ń fi egúngún ṣe àpẹẹrẹ, ṣùgbọ́n mo dàgbà ní ìlú tí egúngún ti ń jáde, mo sì mọ̀ pé àgbàlagbà tí ó mọ ẹni tí ó wà lábẹ́ aṣọ yóò ṣì yà fún un lọ́nà. Mímọ̀ kì í lé ẹ̀rù lọ ní irú ọ̀ràn bẹ́ẹ̀. Nítorí pé ènìyàn ni ó wà nínú ẹ̀wù náà, tí ó ń rẹ̀ ẹ́, tí ó ń kọsẹ̀, tí ọrùn rẹ̀ ń tẹ̀ lábẹ́ ẹrù, ni a fi rí ìrora nínú ìrìn ẹranko náà.

Nísinsìnyí mo dé ibi tí ọ̀rọ̀ mi ti le fún èmi fúnra mi. Ní ọdún 1956, àwọn ará Amẹ́ríkà gé sinimá náà kúrú, wọ́n fi òṣèré tiwọn, Raymond Burr, sínú rẹ̀, wọ́n sì yọ púpọ̀ kúrò nínú ohun tí ó kan àdó olóró. Síbẹ̀ àwọn ènìyàn fẹ́ràn rẹ̀. Ní ilẹ̀ Jàpáànì pàápàá, ní ọdún 1962, wọ́n mú kí Gojira bá King Kong jà, èrò tí ó wò ó sì pọ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ. Nígbà tí ó di ọdún 1964, òun àti Mothra àti Rodan ni wọ́n jọ ń gbèjà ayé lọ́wọ́ Ghidorah olórí mẹ́ta, àwọn ọmọdé sì ń hó fún un bí ẹni ń hó fún ẹni tí ń ja ìjàkadì. Olùkọ́ kan tí mo bọ̀wọ̀ fún sọ fún mi pé èyí dàbí ìgbà tí a sọ òkú di ohun ìṣeré. Mo gbà fún un dé ìwọ̀n kan. Ẹ jẹ́ kí n sọ òtítọ́: ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí mo ń wí yìí, nígbà tí ilé gíga kan wó lulẹ̀ lábẹ́ ìrù ẹranko náà, inú mi dùn kí n tó rántí Tokyo. Ayọ̀ náà ni ó kọ́kọ́ dé; àánú ni ó tẹ̀ lé e. Ọmọdé a máa fi iyanrìn kọ́ ilé ní àgbàlá, a sì máa fi ẹsẹ̀ tú u ká pẹ̀lú ẹ̀rín, ọmọdé náà kò sì tíì kú nínú mi. Èmi kò lè ní ayọ̀ yìí mọ́, bẹ́ẹ̀ ni èmi kò lè ní ó burú pátápátá. Ohun tí mo ń wò ni ohun tí ó tẹ̀ lé e. Sinimá tí ó bá fi wá sílẹ̀ sínú ẹ̀rín wíwó ilé nìkan, mo ti gbàgbé rẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́. Èyí tí ó bá mú kí a gbọ́ ẹkún lábẹ́ òkìtì ilé náà ni a ń padà lọ wò.

Ẹ wo ọ̀ràn Serizawa. Òun ni ọ̀mọ̀wé tí ogun ti fọ́ ojú rẹ̀ kan. Ó ti rí ohun ìjà kan nínú ìwádìí rẹ̀, tí ó lè mú kí gbogbo ohun abẹ̀mí tí ó wà nínú omi kú, ó sì fi í pamọ́, nítorí ó mọ̀ pé bí àwọn aláṣẹ ayé bá gbọ́, wọn kò ní jẹ́ kí ó sinmi títí yóò fi ṣe púpọ̀ sí i. Nígbà tí ó rí àwọn ọmọbìnrin tí ń kọrin àdúrà fún àlàáfíà, ọkàn rẹ̀ rọ̀. Ó sun gbogbo ìwé rẹ̀, ó lo ohun ìjà náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó sì gé okùn tí ì bá fà á jáde láti inú òkun, kí ìmọ̀ náà lè bá a kú. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi jiyàn lórí èyí títí ilẹ̀ fi ṣú. Àwọn kan ní akọni ni. Àwọn mìíràn ní ó fi ẹ̀mí tí kì í ṣe tirẹ̀ tọrẹ.

Àwọn ará Jàpáànì fúnra wọn kò tíì jiyàn náà tán. Ní ọdún 2016, lẹ́yìn ìsẹ̀lẹ̀ àti omíyalé ọjọ́ 11 oṣù Kẹta ọdún 2011 tí ó ba ilé iná átọ́míìkì Fukushima jẹ́, wọ́n gbé Shin Godzilla jáde. Nínú rẹ̀, ìpàdé lórí ìpàdé ni àwọn ìjòyè ń ṣe nígbà tí ẹranko náà ń rìn bọ̀. Nígbẹ̀yìn wọn kò lè pa á, wọ́n mú kí ó di bí yìnyín, ó sì dúró bí ère ní àárín gbùngbùn Tokyo, níbi tí gbogbo ènìyàn yóò ti máa rí i. Ní ọdún 2023 ni Takashi Yamazaki ṣe Godzilla Minus One, èyí tí ó gba ẹ̀bùn Oscar ní ọdún 2024 fún iṣẹ́ àrà inú àwòrán rẹ̀. Awakọ̀ òfuurufú kan ni ó wà níbẹ̀, Shikishima, ẹni tí a rán ní ìgbà ogun pé kí ó lọ kú mọ́ ọ̀tá, tí ó purọ́ pé ọkọ̀ òun bàjẹ́, tí ìtìjú náà kò sì fi í sílẹ̀. Ní òpin ìtàn, ó fi ọkọ̀ tí ó kún fún àdó olóró fò lọ sí ẹnu ẹranko náà. Ibí yìí ni Serizawa ì bá ti kú. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó tún ọkọ̀ náà ṣe, ẹni tí ó ní ìdí láti kórìíra rẹ̀, ti fi àga kan sínú rẹ̀ tí ń ju awakọ̀ síta, ó sì ti sọ fún un pé kí ó yè. Ó yè.

Mo sọ gbogbo èyí fún ọmọkùnrin náà ní ọ̀sẹ̀ tí ó tẹ̀ lé e. Ó gbọ́ mi tán, ó dákẹ́ díẹ̀, ó sì béèrè bóyá a lè tún wo sinimá ti 1954 náà ní ọjọ́ Ẹtì, nítorí ó ní ilé tí ń wó ni òun ń wò nígbà àkọ́kọ́, òun kò wo ojú ẹranko náà dáadáa.