Ẹ̀rọ Tí Ó Gbàgbé Orúkọ Ara Rẹ̀

Yorùbá ya orúkọ àmútọ̀runwá sọ́tọ̀ kúrò lára àbísọ. Kò sí òbí tí ó jókòó ro orúkọ Ìgè. Bí ọmọ náà ti fi ẹsẹ̀ wáyé ni ó sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Àbísọ ní tirẹ̀, ẹnu ènìyàn ni ó ti jáde. Èwo nínú méjèèjì ni orúkọ tí ẹ̀rọ ń jẹ́? Ẹ má rẹ́rìn-ín, ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ọ̀ràn náà jinlẹ̀.

Ní ọdún 1989 ni ilé iṣẹ́ Sun ní Amẹ́ríkà gbé kọ̀ǹpútà SPARCstation 1 jáde. Unix ni ó ń lò, ètò tí Ken Thompson àti Dennis Ritchie bẹ̀rẹ̀ ní Bell Labs ní 1969. Ẹni tí ó bá ṣí dísìkì rẹ̀ nípò tí ó wà, ẹ̀rọ náà kò ní lè dìde, nítorí ẹnu ọ̀nà àtijọ́ ni yóò máa kàn, bí ẹni tí ó ń wá ayálégbé tí ó ti kó lọ. Ìyẹn kò le: a ó fi àṣẹ probe-scsi wo ibi tí dísìkì wà, a ó sì tọ́ka ibẹ̀ fún un. Kò sí ẹ̀ṣẹ̀ níbẹ̀.

Ti nọ́ńbà ni ó ta kókó. Chip kékeré kan wà nínú rẹ̀ tí ó gbé bátìrì tirẹ̀ sínú. Ibẹ̀ ni wọ́n kọ nọ́ńbà ìdánimọ̀ ẹ̀rọ náà sí. Lẹ́yìn nǹkan bí ọdún 10 bátìrì a kú, ẹ̀rọ a sì máa kéde pé àkọsílẹ̀ ìdánimọ̀ òun kò ṣeé gbà mọ́. A ó ra chip tuntun, a ó sì fi ọwọ́ ara wa tẹ nọ́ńbà sí i. Nọ́ńbà wo? Èyíkéyìí tí ó bá wù wá! Bẹ́ẹ̀ ni àwọn ètò olówó ńlá kan wà tí kì í ṣiṣẹ́ àfi bí wọ́n bá rí nọ́ńbà tí a tà wọ́n fún.

Ẹni tí ó ti sanwó tẹ nọ́ńbà àtijọ́ padà. Aládùúgbò rẹ̀ tẹ nọ́ńbà kan náà sí ẹ̀rọ tirẹ̀ kí ó má bàa sanwó. Ohun kan náà ni ọwọ́ àwọn méjèèjì ṣe. Àwọn kan yóò ní ayédèrú ni méjèèjì. Àwọn mìíràn yóò ní olówó ẹ̀rọ lè ṣe é bí ó ti fẹ́. N kò fara mọ́ èyíkéyìí. Àbísọ ni nọ́ńbà náà, ọwọ́ òṣìṣẹ́ Sun ni ó kọ ọ́, nítorí náà títún un kọ kì í ṣe àbùkù. Ṣùgbọ́n àdéhùn ni àbísọ pẹ̀lú. Ìbejì pàápàá kì í jẹ́ orúkọ kan. Bí ẹ̀rọ méjì bá sì ń jẹ́ àdírẹ́sì kan lórí wáyà kan, iṣẹ́ tí a rán sí ọ̀kan yóò máa ṣìnà lọ bá èkejì. Kétu tiwa ní Kosofe àti Kétu ti ilẹ̀ Benin ń jẹ́ orúkọ kan láìsí ìjà, nítorí kò sí awakọ̀ tí ó ń kó tòmátì bọ̀ ní Mile 12 tí yóò ṣèèṣì já a sí Benin.

Oracle ra Sun ní 2010, ṣùgbọ́n ọ̀ràn náà kò bá a lọ. Windows òde òní náà a máa so àṣẹ ìlò mọ́ motherboard, ẹni tí ó bá sì pààrọ̀ rẹ̀ lè bá a pé kọ̀ǹpútà rẹ̀ kò dá a mọ̀ mọ́. Tòkunbọ̀ ni púpọ̀ nínú wa ń rà. Bí olówó àkọ́kọ́ bá ti tà á tòun ti àṣẹ rẹ̀, kí oníṣẹ́ dá orúkọ àtijọ́ padà fún un láìbẹ̀rù. Bí ó bá ṣì ń lo àṣẹ náà nílé rẹ̀ ní London, kí ẹni tí ó wà ní Kétu lọ ra tirẹ̀.