Ẹ Jẹ́ Kí Ó Padà sí Ilé

Bíbélì kíkà: 2 Sámúẹ́lì 9, Máàkù 5:1–20

Ọ̀rọ̀ tí a mú wá yìí kan gbogbo ilé, láti Kétu dé Ṣábẹ, títí dé Àjàṣẹ́. Ó kan àwọn ènìyàn wa tí ara wọn kò dá pé, àti àwọn tí àìsàn orí ń bá jà, tí a gbé lọ sí ibi ìtọ́jú tàbí sí ọgbà ìjọ. Àìsàn ti fúyẹ́, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni kò wá mú wọn lọ sílé mọ́.

Ẹ wo Mefiboṣeti ọmọ Jónátánì. Ọmọ ọdún 5 ni nígbà tí olùtọ́jú rẹ̀ ń gbé e sá lọ, tí ó bọ́ sílẹ̀, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì sì rọ. Ọmọ ọmọ ọba ni, ṣùgbọ́n ilé onílé ni ó ń gbé ní Lodebari. Dáfídì kò kàn fi oúnjẹ ránṣẹ́ sí i níbẹ̀ kí ó sì gbàgbé rẹ̀. Ó ní kí wọ́n lọ mú un wá. Ohun mẹ́ta ni ó ṣe fún un.

Èkíní, ó mú ẹ̀rù kúrò lọ́kàn rẹ̀. Ẹni tí ó ti pẹ́ ní ibi ìtọ́jú a máa bẹ̀rù ilé: wọn yóò ha gbà mí bí? Ẹ jẹ́ kí á lọ bẹ̀ ẹ́ wò kí ọjọ́ àtibọ̀ tó dé. Kí á bi í léèrè ibi tí òun fúnra rẹ̀ fẹ́ gbé, àti ẹni tí ó fẹ́ bá gbé. Ènìyàn ni, kì í ṣe ẹrù.

Èkejì, ó dá ilẹ̀ Sọ́ọ̀lù padà fún un, ó sì ní kí Siba, pẹ̀lú àwọn ọmọ rẹ̀ 15 àti ìránṣẹ́ rẹ̀ 20, máa ro ó fún un. Ẹ gbọ́ o: ogún rẹ̀ ni, kì í ṣe sàráà! Ọba sì mọ̀ pé arọ kò lè dá oko ro, nítorí náà ó yan àwọn tí yóò ràn án lọ́wọ́. Àánú tí kò ní ètò kì í pẹ́ tán.

Ẹ̀kẹta, ó mú un jókòó nídìí tábìlì bí ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ọba. Bíbélì kò sọ pé ẹsẹ̀ rẹ̀ kọ́kọ́ san. Títí ìtàn náà fi parí, arọ ni. Àwa tí a ń gbàdúrà ìwòsàn, kí á má ṣe sọ pé ó di ìgbà tí ó bá rìn kí á tó fún un ní àyè láàrin wa.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ọkùnrin tí ń gbé inú ibojì, tí wọ́n ti fi ẹ̀wọ̀n dè rí. Nígbà tí orí rẹ̀ pé, ó fẹ́ tẹ̀lé Jésù, ṣùgbọ́n Jésù rán an sílé, sọ́dọ̀ àwọn ènìyàn rẹ̀. Ilé ni àbọ̀ sinmi oko.

Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé kò ṣeé ṣe nílẹ̀ wa. Ọmọ ilẹ̀ Benin ni Grégoire Ahongbonon, tí a bí ní 1952. Kì í ṣe dókítà; iṣẹ́ táyà ni ó ń ṣe ní Bouaké. Ní 1983 ó dá ẹgbẹ́ Saint-Camille sílẹ̀. Nígbà tí ó yá, ó ń kó àwọn tí orí wọn dàrú kúrò ní títì àti nínú ẹ̀wọ̀n. Ní 2004 ó ṣí ibi ìtọ́jú sí Avrankou, nítòsí Àjàṣẹ́. Wọ́n ń lo oògùn, wọ́n ń kọ́ṣẹ́, wọ́n sì ń padà sílé. Àwọn kan tí ara wọn ti yá ń tọ́jú àwọn yòókù. Àgùdà ni, ṣùgbọ́n iṣẹ́ rere kò mọ ìjọ. Ìjọba Benin pẹ̀lú ṣe òfin ní 2017 láti dáàbò bo ẹ̀tọ́ àwọn abirùn.

Nítorí náà, ẹ̀yin bàbá àti ìyá ìjọ, ẹ lọ wo ẹni yín ní ọ̀sẹ̀ yìí. Ẹ tẹ́ ẹnu ọ̀nà pẹrẹsẹ kí kẹ̀kẹ́ rẹ̀ lè wọlé. Ẹ má ṣe torí àdúrà dá oògùn dókítà dúró. Ẹ wá iṣẹ́ tí agbára rẹ̀ ká fún un. Ẹ pe orúkọ rẹ̀, ẹ má pe àìsàn rẹ̀. Kí ìjọ yan ìdílé mẹ́ta tí yóò máa bẹ ilé náà wò, kí ìyá kan ṣoṣo má baà dá ẹrù náà rù títí agara yóò fi dá a.

Àdúrà: Ọlọ́run Mímọ́, Ìwọ tí kì í gbàgbé ẹni kan, rántí àwọn tí ń wo ọ̀nà. Ṣí ilẹ̀kùn ilé wa, kí O sì ṣí ọkàn wa pẹ̀lú. Ní orúkọ Jésù Kristi. Àmín.