Àdàpè Kì í Ṣe Ìfipamọ́

Nígbà tí dókítà bá rí àrùn ńlá lára ẹnì kan, ta ni ó yẹ kí ó kọ́kọ́ gbọ́ orúkọ rẹ̀: ẹni tí ó ń ṣàìsàn ni, tàbí àwọn àgbà ilé rẹ̀? Ní Fìdítì, ní Ìlọrà, àti ní àwọn ìlú Afijio yòókù, àwọn àgbà ni a sábà máa ń pè sẹ́yìn ilẹ̀kùn. Wọn a gbọ́, wọn a mi orí, wọn a sì jáde wá wí fún aláìsàn pé ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ni ó kéré díẹ̀. Ìfẹ́ ni wọ́n fi ń ṣe é. Ṣùgbọ́n ǹjẹ́ ó tọ́? Mo fẹ́ fi jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀ gbé ọ̀rọ̀ náà yẹ̀ wò, nítorí pé ní ti àrùn yìí, ohun tí aláìsàn kò mọ̀ lè pa á.

Inú mùdùnmúdùn egungun ni ara ti ń ṣe ẹ̀jẹ̀. Bí jẹjẹrẹ bá wọ ibẹ̀, ẹ̀jẹ̀ funfun a máa pọ̀ ju bí ó ti yẹ lọ, a sì gba àyè lọ́wọ́ ẹ̀jẹ̀ rere. Ẹ̀yà rẹ̀ kan a máa yára bí iná ọyẹ́. Òmíràn a máa rìn jẹ́jẹ́, ikùn a sì máa wú ní ìhà òsì. Oògùn líle ni a fi ń bá èyí tí ó yára jà. Oògùn wọ̀nyí kì í fi bẹ́ẹ̀ mọ ọ̀tá yàtọ̀ sí ará ilé: irun a re, ẹnu a di egbò, èébì a máa gbé ènìyàn, àrùn mìíràn a sì máa ráyè wọlé. A tún lè pa mùdùnmúdùn aláìsàn run, kí a fi ti ọmọ ìyá rẹ̀ tí ara wọn bá mu rọ́pò rẹ̀. Ṣùgbọ́n àlejò náà lè dìde bá onílé jà.

Fún ẹ̀yà tí ó ń rìn jẹ́jẹ́, ìròyìn ayọ̀ dé ní ọdún 2001, nígbà tí ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí oògùn imatinib, tí a ń pè ní Glivec. Hóró tí a ń gbé mì lójoojúmọ́ ni. Ní ọdún 2003, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn aláìsàn ní ọ̀fẹ́ ní ilé ìwòsàn ńlá ti Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀. Ní ọdún 2008, Ọ̀jọ̀gbọ́n Muheez Durosinmi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ìròyìn jáde lórí ènìyàn 98 tí wọ́n tọ́jú láti 2003 dé 2007. Ọmọ ọdún 11 ni ó kéré jù nínú wọn, ẹni ọdún 65 ni ó dàgbà jù, ẹni tí ó bọ́ sí àárín gan-an sì jẹ́ ẹni ọdún 36. Lẹ́yìn oṣù 12, bí 96 nínú 100 ni ó ṣì wà láàyè.

Ṣùgbọ́n tibi-tire ni a dá ilé ayé. Oògùn yìí lè mú èébì àti pajápajá wá. Ó lè mú ojú àti ẹsẹ̀ wú. Ó lè ṣí àwọ̀ dúdú, títí àwọn aládùúgbò yóò fi máa wí pé lágbájá ti ń bóra. Ó lè pa ọlẹ̀ inú lára, nítorí náà obìnrin tí ó ń lò ó kò gbọdọ̀ lóyún. Àní ọsàn gíréèpù kò bá a rẹ́, bẹ́ẹ̀ Fìdítì jẹ́ ìlú ọlọ́jà èso.

Ẹ jẹ́ kí á rò ó wò. Ìyàwó ilé kan, ẹni ọgbọ̀n ọdún, tí a wí fún pé ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ni ó kéré, kí ni yóò ṣe nígbà tí ojú rẹ̀ bá wú tí àwọ̀ rẹ̀ sì ń ṣí? Yóò ní oògùn náà ni ó ń pa òun, yóò sì sọ ọ́ nù. Bí ara rẹ̀ bá yá ńkọ́? Yóò ní àìsàn ti lọ, kí ni òun tún ń gbé hóró mì fún? Bí ìyá ọkọ bá sì ń retí ọmọ, yóò lóyún. A kò lè bá a wí sí ọ̀kan nínú wọn, nítorí ẹni tí a kò sọ fún kò jẹ̀bi. Bẹ́ẹ̀ ni, bí a bá dá oògùn yìí dúró láìjẹ́ pé dókítà ní kí á dá a dúró, àrùn náà sábà máa ń padà.

Àwọn kan yóò wí pé àwọn baba wa kì í dárúkọ ohun búburú. Wọn kì í pe ejò ní ejò lóru, okùn ni wọ́n ń pè é. Wọn kì í sì í dárúkọ Ṣànpọ̀nná, ilẹ̀ gbígbóná ni wọ́n ń wí. Òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n lójú èmi tí mo ń kọ́ni ní èdè, a kò ka ẹ̀kọ́ náà parí. Ẹni tí a bá wí fún lóru pé okùn wà lẹ́nu ọ̀nà kì í sáré lọ ká a. Àtùpà ni yóò wá. Ẹni tí ó gbọ́ pé ilẹ̀ gbóná ní ilé kan mọ̀ pé kí òun má ya ibẹ̀. Àdàpè a máa rọ ọ̀rọ̀ lẹ́nu, kì í gba òye rẹ̀ lọ́wọ́ olùgbọ́. Àwa ni a sọ ọ́ di irọ́.

N kò wí pé kí á sọ ọ̀rọ̀ náà lu aláìsàn bí òkò. Ọkàn a máa rẹ̀wẹ̀sì, ìbẹ̀rù àwọn àgbà kì í sì í ṣe asán. Ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò, ọ̀rọ̀ búburú ní í yọ ọfà lápó. Iṣẹ́ àwọn àgbà ni láti yan ọjọ́, láti yan ohùn, láti jókòó ti aláìsàn bí dókítà ti ń sọ̀rọ̀. Bí ó bá jẹ́ ọmọ ọdún 11, ìwọ̀n tí òye rẹ̀ gbé ni kí á sọ fún un, kí àwọn òbí rẹ̀ sì mọ gbogbo rẹ̀.

Àgbo tí ìyá sè, ìyá náà ni ó ń bu ú fún ọmọ mu. Bí ọmọ kò bá mọ orúkọ àrùn, ìyá mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n hóró tí àgbàlagbà yóò máa gbé mì láràárọ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, ọwọ́ òun fúnra rẹ̀ ni ó wà. A kò lè fi ìwòsàn lé ènìyàn lọ́wọ́, kí á sì fi ìmọ̀ rẹ̀ pamọ́ fún un.