Ta ni Ọbàtálá mọ, bó bá jẹ́ díẹ̀díẹ̀ la di èèyàn?

 

Ọmọkùnrin kan tó ń kọ́ bàọ́lọ́jì ní yunifásítì ló bi mí ní ìbéèrè yìí lọ́jọ́ ọ̀sẹ̀ Ifá tó kọjá, níhìn-ín ní Kàbà. A ti bọ Ifá tán, a ń jẹ obì. Ó ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí mi. Wọ́n ń kọ́ wa pé ẹ̀dá ń yí padà díẹ̀díẹ̀ fún ọ̀kẹ́ àìmọye ọdún kó tó di èèyàn. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, ta wá ni Ọbàtálá fi amọ̀ mọ? Ṣé irọ́ ni mò ń pa nílé ni, àbí nínú ìdánwò?"

Àwọn àgbà tó jókòó rẹ́rìn-ín. Ọ̀kan nínú wọn tètè dáhùn pé Ifá ti sọ gbogbo rẹ̀ tẹ́lẹ̀, pé ẹfolúṣọ̀n wà nínú Odù kí òyìnbó tó bí bàbá Darwin. Gbogbo ilé ní "Hẹ̀ẹ́n!" Ọmọ náà ò sọ nǹkan kan mọ́, ṣùgbọ́n mo rí ojú rẹ̀. Ìdáhùn yẹn ò wọ̀ ọ́ létí.

Kò wọ èmi náà létí. Ó ti sú mi, kí n má parọ́. Kọ̀ǹpútà jáde, a ní Ifá ti sọ ọ́. Bàálù fò, a ní Ifá ti sọ ọ́. Ẹ̀kọ́ ìtàn ni mo kà ní yunifásítì, ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n sì kọ́ wa ni pé kéèyàn má fi ọ̀rọ̀ òní sí ẹnu ará àná. Ifá kò sọ ẹfolúṣọ̀n. Bí a bá ní ó sọ ọ́, ọ̀nà kan ni a fi ń sá fún ìbéèrè ọmọ náà.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ibi tí ìjà yìí ti wá, torí inú ilé ẹlòmíì ló ti bẹ̀rẹ̀. Bíṣọ́ọ̀bù kan ní Ireland, James Ussher, ló jókòó ka ọdún inú Bíbélì láàárín ọdún 1650 sí 1654, ó ní 4004 ṣáájú ìbí Jésù ni a dá ayé. Ìwé Darwin jáde ní 1859. Ní 1925, wọ́n gbé tíṣà kan, John Scopes, lọ sílé ẹjọ́ ní Tennessee ní Amẹ́ríkà torí pé ó kọ́ ọmọ ilé ìwé ní ẹfolúṣọ̀n. Àwọn tó ni ìjà gan-an ti ń parí rẹ̀ láàárín ara wọn: Póòpù Pius Kejìlá sọ ní 1950 pé kò léèwọ̀ láti ṣèwádìí rẹ̀, John Paul Kejì sì sọ ní 1996 pé ó ti kọjá àbá lásán. Àwa tí a ò sí níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ń fa agbádá ara wọn ya, a wá gbé àkísà rẹ̀ wọ̀. Kò sí ẹsẹ Ifá tí mo mọ̀ tó ka iye ọdún ayé fún wa. Bí ayé bá ti pé ẹgbẹ̀rún mẹ́fà ọdún tàbí bílíọ̀nù mẹ́rin àbọ̀, Odù kankan ò wó.

Ṣùgbọ́n mi ò ní fi ìyẹn yọ ara mi. Ifá sọ pé Ọbàtálá mọ èèyàn, Olódùmarè sì fi èémí sí i. Ìyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré, egungun inú ilẹ̀ sì ní tiẹ̀ láti sọ.

Kì í ṣe egungun ilẹ̀ òkèèrè nìkan, ẹ̀yin ọ̀dọ́. Ní 1965, awalẹ̀pìtàn Thurstan Shaw àti àwọn tó bá a ṣiṣẹ́ wa ilẹ̀ nínú ihò àpáta kan lẹ́bàá Ìsàrún, kò jìnnà sí Àkúrẹ́. Ihò Eléérú ni wọ́n ń pè é. Láàárín òkúta wẹ́wẹ́ tí wọ́n gbẹ́ ṣe irinṣẹ́, wọ́n kan egungun èèyàn kan tí wọ́n ti sin láti nǹkan bí 13,000 ọdún. Ní 2011, Katerina Harvati, Chris Stringer àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn tún agbárí náà wọ̀n. Ó gùn, ó pẹlẹbẹ, kò ga sókè bíi tiwa. Ó jọ orí àwọn èèyàn tó gbé ayé ní ohun tó lé ní 100,000 ọdún sẹ́yìn, bẹ́ẹ̀ àná ni 13,000 ọdún nínú ìṣirò yìí. Nígbà tó di 2020, Arun Durvasula àti Sriram Sankararaman yẹ ẹ̀jẹ̀ àwọn ará Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà wò, àwọn Yorùbá Ìbàdàn wà nínú wọn. Wọ́n ní ìdá 2 sí 19 nínú ọgọ́rùn-ún ohun tí a jogún ló wá láti ọ̀dọ̀ àwọn èèyàn àtijọ́ kan tí ẹnikẹ́ni ò tíì mọ egungun wọn. Nílé wa gan-an, nínú ihò àpáta Itaakpa ní Ìfẹ̀-Ìjùmú, wọ́n wú irinṣẹ́ òkúta àti egungun èèyàn tó ti lé ní 2,000 ọdún.

Ohun tó máa ń dí mi lọ́fun nínú ọ̀rọ̀ Ihò Eléérú ni pé ẹnì kan ló sin ín. Ẹni tó ní agbárí tí kò jọ tiwa ní ará, ará náà sì gbẹ́ ilẹ̀ fún un. Ṣé Àjàlá ló mọ orí yẹn? Tèmi ni pé òun ni.

Ọmọ Òkun ni Adé Ọbáyẹmí tó kọ ọ́ nínú ìwé ìtàn ní ọdún 1970 sí 1979 pé irú àwọn ìlú kéékèèké bíi tiwa, tí kò ní ọba ńlá kan ṣoṣo lórí, jẹ́ ètò ìṣèlú tó dàgbà ju ti ìjọba ńláńlá lọ. Síbẹ̀ àwọn bàbá wa ń sọ pé Ifẹ̀ la ti wá. Mo ti rí i pé ìtàn orísun ń ṣe iṣẹ́ kan, awalẹ̀pìtàn ń ṣe òmíràn. Ìtàn orísun ń sọ ẹni tí a jẹ́ sí ara wa. Àmọ́ ẹ ṣọ́ra níbí: bí a bá sọ gbogbo Odù di àlọ́, ta là ń fún ní obì láràárọ̀?

Nítorí náà ẹ jẹ́ kí n tọ́ka sí ibi tí ọ̀rọ̀ ti kan ara wọn lóòótọ́. Ẹfolúṣọ̀n kì í ṣe pé ọ̀bọ inú igbó yìí bí bàbá ẹ; àwa àti ìnàkí jọ ní ìran kan ni. Ọ̀nà rẹ̀ kò le: ọmọ kì í jọ òbí tán, ìyàtọ̀ kéékèèké ń wọlé, èyí tó bá ibi tí ó wà mu ló ń pẹ́ láyé tó ń bímọ. Àgbẹ̀ tó ń ṣa àgbàdo tó yè nínú ọ̀dá pamọ́ fún gbìngbìn mọ̀ ọ́n. Ohun tó le ni pé wọ́n ní ìyàtọ̀ yẹn ń ṣẹlẹ̀ ṣàdédé, kò sí ẹni tó ń darí rẹ̀. Ifá ní tiẹ̀ ní àyànmọ́ wà. Nínú Ogbè-Ògúndá a rí àwọn ọ̀rẹ́ mẹ́ta tó lọ yan orí nílé Àjàlá. Méjì gbé orí tó dára lójú, òjò rọ̀ lé wọn lọ́nà, orí tí kò jiná ń bó. Afùwàpẹ́ tó ti dífá, tó rúbọ, ni orí rẹ̀ jiná. Níbẹ̀, yíyàn wà, ẹbọ wà. Ní ti Darwin, òjò nìkan ló wà.

Mo ro ọ̀rọ̀ yìí fún ọdún púpọ̀, ọwọ́ ara mi ló sì dá mi lóhùn. Ẹ wò ó: ìkín mẹ́rìndínlógún, mo gbá wọn mú. Bó bá ku méjì, mo tẹ ẹyọ kan. Bó bá ku ọ̀kan, mo tẹ méjì. Títí Odù kan nínú 256 yóò fi jáde. Bí mo bá ń darí iye tó ń ṣẹ́ kù, olè ni mí, ẹ lé mi kúrò nílùú. Àfi kó jẹ́ ṣàdédé ní ọwọ́ mi kó tó lè jẹ́ ọ̀rọ̀ ní ẹnu Ọ̀rúnmìlà. Onísáyẹ́ǹsì tó bá jókòó síbẹ̀ tó ń kọ ọ́ sílẹ̀ fún ọdún kan yóò ní òun ò rí ẹni tó ń darí rẹ̀, òótọ́ ló sì sọ. Èmi ní mo gbọ́ ohùn níbẹ̀. Mi ò lè fi hàn án. Àmọ́ nínú gbogbo ẹlẹ́sìn, babaláwo ló yẹ kí ẹ̀rù ṣàdédé bà kẹ́yìn.

Bí mo ṣe sọ fún ọmọ náà nìyẹn. Mo ní kó lọ kọ ohun tí egungun wí sínú ìdánwò rẹ̀, kò parọ́.

Ohun tí mi ò sọ fún un ni pé kì í ṣe ibi tí èèyàn ti wá ló fẹ́ gba Ifá lọ́wọ́ mi rí. Ẹ̀jẹ̀ ni.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin kú kí n tó bẹ̀rẹ̀ ilé ìwé. Àbíkú ni wọ́n pè é, orúkọ ẹ̀bẹ̀ ni wọ́n sọ ọ́, wọ́n sì fi abẹ sàmì sí i létí. Bàbá mi àgbà, ẹni tí mo jogún ọpọ́n rẹ̀, ló dífá fún un. Eegun máa ń ro ó, ojú rẹ̀ á pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, á dìde lọ́la bí ẹni pé nǹkan kan ò ṣe é. Fòníkú-fọ̀ladìde ni, gbogbo ohun tí mo mọ̀ lónìí ló ń sọ bẹ́ẹ̀. Ní 1954, Anthony Allison fi hàn pé ẹni tó jẹ́ AS kì í tètè kú sọ́wọ́ ibà. Ìdí nìyẹn tó fi pọ̀ láàárín wa, nǹkan bí ẹnì kan nínú mẹ́rin ní Nàìjíríà. Daniel Shriner àti Charles Rotimi ṣírò rẹ̀ ní 2018 pé láti ara ọmọ kan ṣoṣo ló ti bẹ̀rẹ̀, ní nǹkan bí 7,300 ọdún sẹ́yìn. Bí ìṣirò yẹn bá tọ́, ẹni Ihò Eléérú ti kú kó tó dé. Ohun kan náà tó dáàbò bo bàbá mi àti ìyá mi lọ́wọ́ ibà, tí wọ́n fi yè tí wọ́n bí mi, òun ló pa ẹ̀gbọ́n mi. Ẹfolúṣọ̀n tí mò ń rí lójoojúmọ́ nìyẹn, kì í ṣe ti agbárí.

Mo ṣàlàyé rẹ̀ fún ìyá mi lọ́dún méjì sẹ́yìn. Mo rò pé yóò tù ú nínú. Ó gbọ́ mi tán, ó ní, "Bàbá mi, bó bá jẹ́ ẹ̀jẹ̀ ni, ta wá ni mo ń bẹ̀ ní gbogbo òru yẹn?"

Mi ò rí nǹkan sọ. Mo ti ronú sí i láti ìgbà náà. Ìtàn tiwa ò sọ pé ẹni tó mọ wá kì í ṣàṣìṣe. Ọbàtálá mu ẹmu, ọwọ́ rẹ̀ gbọ̀n, ó mọ àwọn kan tí ara wọn kò pé, nígbà tí ojú rẹ̀ sì dá, ó ní tòun ni gbogbo wọn, ó fi ẹmu ṣe èèwọ̀. Ẹni tó gbà pé ẹlẹ́dàá rẹ̀ kì í ṣìṣe, ẹ̀jẹ̀ ẹ̀gbọ́n mi yóò dà á láàmú jù mí lọ. Òrìṣà tó ń jẹ́bi ni mò ń sìn. Mi ò tíì sọ èyí fún ìyá mi, torí mi ò mọ̀ bóyá ìtùnú ni.

Lóṣù tó kọjá, ọkùnrin kan láti Yàgbà àti ọmọbìnrin kan láti ìhín jọ wá sọ́dọ̀ mi. Wọ́n fẹ́ fẹ́ ara wọn. AS àti AS. Wọ́n ní kí n bi Ifá ẹbọ tí yóò yí i padà. Àwọn kan wà tí yóò gba ewúrẹ́ lọ́wọ́ wọn lọ́jọ́ yẹn. Mo ní ẹbọ kì í yí jẹ́nótáìpù padà. Nínú oyún kọ̀ọ̀kan, ìdá kan nínú mẹ́rin ni. Ọkùnrin náà bínú, ó ní ṣé babaláwo ni mí àbí dókítà. Mo dífá fún wọn, ṣùgbọ́n ìbéèrè mìíràn ni mo bi: bí wọn yóò ṣe ru ohun tí wọ́n bá yàn, papọ̀ tàbí lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Odù tó jáde, tiwọn ni.

Ọmọbìnrin náà pè mí lánàá. Ó ní kí n jọ̀ọ́, kí n bá òun lọ rí ìyá ọkùnrin náà, kí ó má baà rò pé òun kọ ọmọ rẹ̀ sílẹ̀ torí owó. Ọjọ́ Àbámẹ́ta la ń lọ.