Ǹjẹ́ Àbùkù Ni Kí A Yá Etí Lò?
Ìwó ni ìlú odídẹrẹ́. Ohun tí ẹyẹ náà bá gbọ́ ni ó ń sọ. Síbẹ̀, àgbà mìíràn níbẹ̀ tí etí rẹ̀ ń di a máa kọ ẹ̀rọ ìgbọ́rọ̀ nítorí ìtìjú. Òun nìkan ha ni ó ni etí náà bí? Aya rẹ̀ ń pariwo. Àwọn ọmọ kò bá a jíròrò mọ́. Ní 2021, Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé nǹkan bí ènìyàn mílíọ̀nù 430 ni etí dídi wọn nílò ìtọ́jú. Lóòótọ́, ẹ̀rọ náà wọ́n, kì í sì í sọ etí di tuntun. Ẹni tí kò bá lówó rẹ̀ kò jẹ̀bi. Ṣùgbọ́n etí ọba nílé, etí ọba lóko, ènìyàn ní í jẹ́ bẹ́ẹ̀. Bí ọba bá ń fi etí ẹlòmíràn gbọ́ ọ̀rọ̀, tí adé kò sì ṣí lórí rẹ̀, kí ni ìtìjú tiwa?